Ẹ Fi Oko Lé Ọmọ Lọ́wọ́, Kí Ẹ sì Máa Jẹ Oko Náà Títí Di Ọjọ́ Alẹ́

 

Ìwé tòní kì í ṣe lórí ọjọ́ ìgbìn, kì í sì í ṣe lórí oògùn kòkòrò. Ó dá lórí ẹni tí yóò máa ro oko yín lẹ́yìn yín, àti bí ẹ ṣe lè ti ọ̀rọ̀ náà bọ inú ìwé nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè, láìjẹ́ pé ẹ fi oko sílẹ̀ lónìí. A mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé máa sọ̀rọ̀ ikú níwájú wọn. Ẹ dárí jì wá. Ẹ̀mí yín yóò gùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún.

Kí ni ogún ní í ṣe pẹ̀lú òwú?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bàbá kan ní oko hẹ́kítà mẹ́fà. Ní oṣù kẹfà, ó gba irúgbìn, ajílẹ̀ NPK, urée àti oògùn kòkòrò ní àwìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì gbin òwú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó kú. Kò sí ìwé kankan. Àwọn ọmọ ìyálé sọ pé àwọn ló ni oko. Àbúrò bàbá sọ pé ilẹ̀ ìdílé ni. Ìyàwó kejì, tó ti bá bàbá ro oko yẹn fún ogún ọdún, kò mọ ibi tí òun yóò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ olóyè abúlé, wọ́n tún gbé e dé ilé ẹjọ́. Bí wọ́n ti ń jà, òwú là lórí igi, kò sí ẹni tó lè wọ oko náà láti ká a. Èyí tí wọ́n padà ká ti dọ̀tí, wọn kò sì rà á ní owó òwú dáadáa.

Nígbà tí ọjà òwú parí, gbèsè ajílẹ̀ ṣì wà ní orúkọ òkú. Gbèsè kì í bá olówó rẹ̀ wọ sàréè. Nítorí pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló jọ dúró fún ara wọn, owó náà já sí ọrùn àwọn tó kù. Ẹ rí i báyìí pé ogún tí a kò tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé kan ṣoṣo. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń san án.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ bóyá oko yóò di tirẹ̀ kì í gbin òtìlì láti sọ ilẹ̀ jí. Kì í ru ìgbẹ́ màlúù lọ sí oko, kì í sì í to òkúta dí ọ̀nà àgbàrá. Iṣẹ́ wọ̀nyí gba ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí èrè wọn tó jáde. Ẹni tí ọ̀la kò dá lójú kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀la. Bàbá ti rẹ̀, ọmọ kò fọkàn sí i, ilẹ̀ ń ṣá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a ń bójú tó òwú.

Jíjẹ ilẹ̀ yàtọ̀ sí níní ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí bàbá di ilẹ̀ mú títí yóò fi kú, tàbí kí ó fi í fún ọmọ lónìí kí ó sì di ẹni tí ń tọrọ jẹ lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀nà kẹta wà. Òfin wa mọ̀ ọ́n, àwọn notaire sì máa ń ṣe ìwé rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní donation avec réserve d'usufruit. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ adìẹ àti ẹyin ni.

Ẹ wo obìnrin kan tó ní adìẹ kan. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní: «Láti òní lọ, ìwọ lo ni adìẹ yìí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, èmi ni n ó máa kó ẹyin rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò sì máa sùn.» Ọmọ ti ní adìẹ. Ìyá ń jẹ ẹyin. Ìyá kò gbọdọ̀ pa adìẹ, nítorí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbé e lọ, nítorí ẹyin ṣì jẹ́ ti ìyá. Ọjọ́ tí ìyá bá lọ, adìẹ àti ẹyin di ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí yóò tún jókòó pín adìẹ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oko. Òfin pín ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ sí méjì. Ẹ̀tọ́ jíjẹ ni kí a máa ro oko, kí a kórè rẹ̀, kí a gba owó rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní usufruit. Ẹ̀tọ́ níní ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì máa jẹ ẹ́. Bàbá tàbí ìyá lè fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ níní lónìí, kí ó fi ẹ̀tọ́ jíjẹ pa mọ́ fún ara rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá tó ní hẹ́kítà mẹ́fà, kí a sọ pé ó ṣe ìwé yìí kí ó tó kú.

Níwọ̀n ìgbà tó wà láàyè, òun ló ń gbin òwú, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, òun ló ń gba ajílẹ̀, owó òwú sì jẹ́ tirẹ̀. Bí igi kajú bá wà nínú oko, èso kajú jẹ́ tirẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè fi apá kan yá ẹlòmíràn ro, ṣùgbọ́n ó dára kí ọmọ mọ̀ sí i. Òun náà ló ń san owó orí ilẹ̀ lọ́dọọdún. Kò gbọdọ̀ ba ilẹ̀ jẹ́, kò sì lè dá tà á.

Ọmọ mọ̀ pé ilẹ̀ ti di tòun, nítorí náà ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Kò lè lé bàbá kúrò. Kò lè tà á bíi pé òun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ gbèsè níta, olówó rẹ̀ kò lè wá lé bàbá kúrò lóko. Bí ìdílé bá fẹ́ ta oko náà pátápátá, àfi kí bàbá àti ọmọ jọ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí bàbá bá kú, ẹ̀tọ́ jíjẹ parí. Ọmọ mú ìwé ikú lọ sí ọ́fíìsì tí ìwé ilẹ̀ wà, wọ́n yọ orúkọ bàbá kúrò. Òwú tó wà lórí ilẹ̀ rí ẹni ká a. Ẹgbẹ́ mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ gbèsè ajílẹ̀.

Bí kò bá sí ìwé, ìdílé gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé ẹbí, kí wọ́n kọ ìwé ìpàdé náà, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé náà lọ sí ilé ẹjọ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ó lè gba ọdún púpọ̀. Owó ọkọ̀, owó ìwé àti owó agbẹjọ́rò, inú oko náà ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde.

Kí ẹ tó ṣe é: ilẹ̀ ta ni?

Ìbéèrè yìí ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. A kò lè fúnni ní ohun tí kì í ṣe tiwa.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ẹ fúnra yín rà, tàbí tí wọ́n ti pín fún yín tí gbogbo ẹbí mọ̀, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé tí wọn kò tíì pín, ẹnì kan kò lè dá a fún ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹbí, kí ẹ mọ ipa tó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n yá yín ro, kì í ṣe tiyín láti fúnni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí onílẹ̀ sọ nínú rẹ̀ bóyá ọmọ yín lè máa bá a lọ.

Ohun mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Àkọ́kọ́: ẹ̀bùn kì í ṣe àwìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún ọmọ, tí ọmọ sì ti gbà, ẹ kò lè gbà á padà nítorí pé ẹ bínú. Àfi bí ọmọ bá hùwà burúkú gan-an sí yín, tàbí tí kò mú àdéhùn inú ìwé ṣẹ, ilé ẹjọ́ ló sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe é pẹ̀lú ìkánjú. Bí ọkàn yín bá ṣì ń yí padà, ìwé ìhágún, tí wọ́n ń pè ní testament, lè dára fún yín jù. Ẹ lè yí testament padà nígbàkigbà tí ẹ bá wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì fún ọmọ ní ìdánilójú kankan lónìí.

Ìkejì: ẹ má gbàgbé ìyàwó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣàṣìṣe. Bí bàbá bá fi ẹ̀tọ́ jíjẹ pa mọ́ fún ara rẹ̀ nìkan, ẹ̀tọ́ náà yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá tó ti ń ro oko yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀ di àlejò nínú oko ọmọ rẹ̀, tàbí nínú oko ọmọ orogún rẹ̀. Ẹ sọ fún notaire kí ó kọ ọ́ kedere pé bí bàbá bá kú ṣáájú, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa jẹ oko náà, tàbí apá kan rẹ̀, títí di ọjọ́ tirẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Gbólóhùn yẹn ló ń pinnu bóyá opó yóò ní oúnjẹ.

Ìkẹta: gbogbo ọmọ ni ọmọ. Òfin ìdílé wa, ìyẹn Code des personnes et de la famille ti 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin dọ́gba nínú ogún. Àṣà tó ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀ kò lágbára níwájú adájọ́ mọ́. Òfin tún ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, tí òbí kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ẹ bá kó gbogbo ilẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, àwọn yòókù lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ikú yín. Oko tí ẹ fún ọmọ ṣáájú, wọn yóò kà á mọ́ ìpín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ìyókù. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó jẹ́ àfikún, ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ pín in nígbà tí ẹ ń fúnni: apá kan fún èyí, apá kan fún tọ̀hún, kí ẹ sì máa jẹ gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìkẹrin: igi. Ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ ló ni èso. Ṣùgbọ́n gígé igi ńlá bíi tẹ́ẹ̀kì kì í ṣe èso, ó dà bí ìgbà tí a pa adìẹ. Ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ẹni tó lè gé tẹ́ẹ̀kì, àti bí wọn yóò ṣe pín owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tún sọ bóyá ọmọ lè gbin igi tuntun nígbà tí bàbá wà láàyè.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Ẹ pe ẹbí jọ. Ẹ pe ìyàwó, ẹ pe àwọn ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ, ẹ pe àwọn tó wà ní Kùtọnu tàbí ní Nàìjíríà. Ẹ sọ èrò yín fún wọn lójú ara yín. Ọ̀rọ̀ tí òbí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kì í ní ìtumọ̀ méjì.

2. Ẹ rìn yí oko ká pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín rìn. Ẹ fi igi tàbí òkúta sàmì sí igun kọ̀ọ̀kan.

3. Ẹ ṣe ìwé ilẹ̀. Ní abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní SVGF, lẹ́yìn náà mairie. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2017, ìwé tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni attestation de détention coutumière, ADC. Ó fi hàn pé gbogbo ènìyàn mọ̀ yín ní oní ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Titre foncier ló lágbára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ADC lọ. Oko tí kò ní ìwé rárá, ó ṣòro láti fi í fúnni ní ọ̀nà tí yóò dúró.

4. Ẹ lọ sọ́dọ̀ notaire. Ìwé tí a kọ lábẹ́ igi, tí a tẹ̀ka sí, kò tó fún ẹ̀bùn ilẹ̀. Notaire ni òfin fún ní èdìdì. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání, ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó ń fúnni àti ti ẹni tó ń gbà, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti ìwé ìgbéyàwó bó bá wà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè iye owó gbogbo rẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àgbẹ̀ bíi mélòó kan nínú ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe é, ẹ lè jọ lọ lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá yín ní abúlé. Owó ọkọ̀ á dín kù, ẹ ó sì jọ gbọ́ àlàyé.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà fún yín ní èdè wa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ Faransé dání, tí kò sí lára àwọn tó ń gba ilẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ohun mẹ́ta: ṣé ó sọ pé ẹ̀yin lẹ ó máa jẹ oko títí ẹ ó fi kú? Ṣé orúkọ ìyàwó wà níbẹ̀? Ṣé ìwọ̀n oko àti ààlà rẹ̀ bá èyí tí ẹ rìn mu? Ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gbà.

6. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ní ọ́fíìsì tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ibi tí ìwé wà, kí ó lè mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Tógò

Ìwé yìí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní agbègbè Atakpamé náà. Òfin ìdílé tiyín jẹ́ ti ọdún 2012, òfin ilẹ̀ yín sì jẹ́ ti ọdún 2018. Orúkọ ìwé àti ọ́fíìsì lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jíjẹ àti níní wà lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ notaire ilẹ̀ yín.

Ní ìparí

Onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ohun tí mo kọ síhìn-ín wà láti là yín lójú kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ ó bèèrè. Kò lè rọ́pò notaire.

Ẹ jọ̀wọ́, ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gba ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù dáhùn ìbéèrè kan: «Bí mo bá ṣàìsí kí òwú yìí tó là, ta ni yóò ká a?» Ẹni tó bá rí ìdáhùn, tí ìdáhùn náà sì wà nínú ìwé, kí ó lọ sùn. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpàdé ẹbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà, ẹ ṣì wà lọ́jà. Ẹ tún orí ọmọ náà ṣe lónìí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ jẹ oko yín.